A Kì Í Fárí Lẹ́yìn Olórí: Ara, Ìfẹ́ àti Ẹ̀tọ́ Àwọn Tí À Ń Pè Ní Dìndìnrìn

Ìbéèrè kan wà tí kò ṣàjèjì ní àdúgbò wa. Láti Yemẹtu lọ sí Òkè Àrẹ̀mọ, títí dé Ọjẹ́ àti Bẹẹrẹ, bí ọmọbìnrin kan tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé òye rẹ̀ kò yá bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀ bá lóyún, wọ́n á ní, "Ta ló tiẹ̀ fún eléyìí lóyún?" Wọ́n á pòṣé. Ẹlòmíì á rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ á sá wọ yàrá lọ nítorí ìtìjú. Ọmọbìnrin ọ̀hún gan-an wà níjòókòó níbẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa kọjú sí i kó bi í pé: Ṣé o fẹ́ ẹ? Ṣé wọ́n fipá mú ẹ ni? Kí ni ìwọ fúnra rẹ fẹ́ báyìí?

Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n orí àwọn èèyàn yìí, ojoojúmọ́ là ń fá a lẹ́yìn wọn. Kódà, wọ́n jókòó síbẹ̀ là ń fá a. Àwa ò ní dákẹ́ sí i mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ. Kì í ṣe wèrè là ń wí. Àìsàn ni wèrè, ó lè dé bá àgbàlagbà tó ti kàwé gboyè, ó sì ṣe é tọ́jú. Ìpèníjà òye yàtọ̀ sí i. Láti kékeré ló ti ń hàn: ọmọ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, ó pẹ́ kó tó mọ owó kà, ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lè dìgbà mẹ́wàá kó tó wọlé sí i lára. Wọ́n bí àwọn kan pẹ̀lú ohun tí àwọn dókítà ń pè ní Down syndrome. Ti àwọn mìíràn, ibi ìrọbí ni wàhálà ti dé, atẹ́gùn kò tó ọpọlọ ọmọ. Ti àwọn kan, ibà ló wọ ọpọlọ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Ìpele ìpele ló sì wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, tiwọn kò le: wọ́n ń fọṣọ, wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń bá ìyá wọn pàtẹ ọjà, wọ́n mọ ẹni tó fẹ́ràn wọn, wọ́n sì mọ ẹni tí wọn ò fẹ́ rí. Ara wọn ń dàgbà bí ara gbogbo èèyàn. Nǹkan oṣù ń dé, irùngbọ̀n ń hù, ọkàn ń fà sí ẹlòmíì.

Àwa la wá sọ wọ́n ní dìndìnrìn, ọ̀dẹ̀, sùègbè, "ẹni tí ò pé". Bẹ́ẹ̀ àwọn baba ńlá wa ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní Ọbàtálá ló mọ abuké, àfín àti arọ, wọ́n ní ẹni òòṣà ni wọ́n, èèwọ̀ sì ni kéèyàn fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ò lópin sórí ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn nìkan: ẹni tó yàtọ̀ sí ẹ, kì í ṣe pé ó kéré sí ẹ.

Ẹ̀ṣẹ̀ méjì là ń ṣẹ̀ wọ́n. Àkọ́kọ́, bí ẹnì kan bá fipá bá wọn lò, à ń bò ó mọ́lẹ̀. Èkejì, bí àwọn fúnra wọn bá fẹ́ràn ẹnì kan, à ń lù wọ́n, à ń tì wọ́n mọ́lé. Téèyàn bá wò ó lójú lásán, ó dà bíi pé méjèèjì takora: èkíní àìbìkítà, èkejì àbójútó àṣejù. Wọn ò takora rárá. Orí ìpìlẹ̀ kan náà ni wọ́n dúró lé, pé ara wọn kì í ṣe tiwọn, ti ìdílé ni. Ẹni tí a ò gbà kó sọ pé "mo fẹ́" rí, ọjọ́ tó bá sọ pé "mi ò fẹ́", etí wo ló máa gbọ́ ọ?

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ sọ ọ́; kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ọmọbìnrin ọlọ́dún 23 kan wà ní agbo ilé. Bàbá kan nínú ilé kan náà ń fún un ní búrẹ́dì àti igba náírà, ó ń pè é wọ yàrá, ó ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Oṣù kẹrin kí ìyá tó fura. Wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Bàbá náà dọ̀bálẹ̀, ó ní iṣẹ́ èṣù ni. Àwọn àgbààgbà ní kó gbé owó ilé ìwòsàn kalẹ̀. Ìyá ní òun fẹ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Gbogbo wọn ké mọ́ ọn: "A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́!" Ẹ gbọ́ o, ta ló sọ pé ọmọ yẹn fẹ́ bá a ṣọ̀rẹ́? Òwe yẹn dára fún ẹni méjì tó ń jà lórí ààlà ilẹ̀. A ò dá a sílẹ̀ fún ẹni tó ń fi búrẹ́dì ra ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tí kò mọ bí yóò ṣe sá. Wọ́n tún máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mélòó ló wà nínú ìpàdé yẹn? Orí ọmọ wọ́ lójú gbogbo wọn.

Ẹlòmíì á tiẹ̀ ní, "Ó ṣe é lóore ni. Ta ni ì bá fẹ́ ẹ?" Àwọn tó ń sọ ọ́ yìí máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n máa ń lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Òfin náà kò tíì ràn wá lọ́wọ́ tó. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní Criminal Code, ọdún 1916 ni ìjọba òyìnbó ti gbé e kalẹ̀ fún wa. Abala 358 rẹ̀ ní ẹni tó bá fipá bá obìnrin lò lè lọ sẹ́wọ̀n gbére. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí abala 221. Ó ní ẹni tó bá bá obìnrin lò, tó sì mọ̀ pé obìnrin náà jẹ́ ọ̀dẹ̀ tàbí dìndìnrìn (irú ọ̀rọ̀ èébú bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin náà lò lédè Gẹ̀ẹ́sì), ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ọdún méjì péré! Òfin náà tún ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ láàárín oṣù méjì tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, àti pé ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo tí kò ní alátìlẹ́yìn kò tó láti dá ẹni náà lẹ́bi. Ẹ fi wé àpẹẹrẹ wa. Oṣù kẹrin ni ìyá fura. Oṣù méjì ti kọjá lọ. Inú yàrá ló ti ṣẹlẹ̀. Ta ni ẹlẹ́rìí kejì? Ó dà bíi pé ẹni tó kọ òfin yẹn mọ bí irú ìwà yìí ṣe máa ń rí, tó sì wá ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ọ̀daràn. Ní England, láti ọdún 2003, òfin wọn ní ẹni tó bá wọlé tọ ẹni tí kò lè kọ̀ nítorí ìpèníjà ọpọlọ lè lọ sẹ́wọ̀n gbére. Ara kan náà, èèyàn kan náà, ìyà ò jọra.

A mọ̀ pé Òfin Ìwà Ipá tí ilé aṣòfin Àbújá ṣe ní 2015 fẹ ìtumọ̀ ìfipábánilò lójú, àwọn ìpínlẹ̀ náà sì ń ṣe tiwọn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí abala 221 bá wà nínú ìwé, lọ́yà tó gbọ́n máa ń mọ ibi tí òun máa gbà sá jáde.

Ọ̀rọ̀ tún wà tí òfin ò lè yanjú: a ò fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi sọ ọ́. Ẹ ronú sí i. Kí ni à ń pe ojú ara obìnrin nínú ilé? "Kiní." Kí ni à ń pe ti ọkùnrin? "Kiní." Kí ni à ń pe ohun tí tọkọtaya ń ṣe? "Wọ́n ń ṣe kiní." Ẹni tí òye rẹ̀ yá máa fúnra rẹ̀ já a, á gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́, á wò ó lórí fóònù. Ẹni tí òye rẹ̀ kò yá, ohun tí ẹ bá fi kọ́ ọ nìkan ló ní. Ọjọ́ tó bá dé iwájú ọlọ́pàá, á ní, "Ó fi kiní kan kiní mi." Ọlọ́pàá á ní kí ni kiní? Ẹjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Kì í ṣe pé ọmọ náà ò gbọ́n. Ìtìjú àwa tó yẹ ká kọ́ ọ ló gbà á lọ́rọ̀ lẹ́nu.

Àwọn òbí kan á ní, "Bí a bá kọ́ ọ, ojú rẹ̀ á là, á máa wá a kiri." Rárá o. Ní 2013, Toyin Aderemi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n fi àwọn tó ní ìpèníjà òye wé àwọn tí kò ní. Àwọn tó ní ìpèníjà òye kò mọ̀ nípa HIV tó ìyókù. Àwọn kan nínú wọn sì ti ń ní ìbálòpọ̀. Ṣé ẹ rí i? Àìmọ̀ kò dá ẹnikẹ́ni dúró, ó kàn bọ́ ààbò lára rẹ̀ ni. Ẹni tí ojú rẹ̀ là ló máa mọ̀ pé ohun tí bàbá yẹn ń ṣe kì í ṣe eré. Ẹni tó ń fẹ́ kí ojú rẹ̀ má là, ẹ fura sí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀ṣẹ̀ kejì, èyí tí àwọn olóore máa ń dá.

Ọmọkùnrin kan tó ní Down syndrome sọ nílé pé òun fẹ́ràn ọmọbìnrin kan. Kí ni ilé máa ń ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ̀rín. Wọ́n á ní kó tún un sọ kí àwọn àlejò gbọ́. Ẹlòmíì á gbé fóònù, á fi í sórí TikTok. Bí wọ́n bá wá rí i pé kì í ṣeré, ẹ̀rín á di pàṣán. Ti obìnrin tún burú jù: wọ́n á gbé e lọ fún abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí láìsọ ohun tó wà fún. Àwọn kan tiẹ̀ ń béèrè bóyá dókítà lè yọ ilé ọmọ rẹ̀ kúrò. "Nítorí tiẹ̀ náà ni," wọ́n á wí bẹ́ẹ̀.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí gbólóhùn yẹn tàn yín. Amẹ́ríkà ti gba ọ̀nà yẹn ṣáájú wa. Ọmọbìnrin kan ń jẹ́ Carrie Buck, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Ìbátan àwọn tó gbà á tọ́ ló fipá bá a lò, ó lóyún. Láti bo ìtìjú mọ́lẹ̀, wọ́n ní òye rẹ̀ kò pé, wọ́n kó o lọ sí ibi tí wọ́n ń kó irú àwọn bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí. Ní 1927, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, adájọ́ mẹ́jọ sí ẹyọ kan, fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un kó má bímọ mọ́. Wọ́n sì ṣe é. Nítorí tiẹ̀ náà ni. Ẹni tó fún un lóyún ń lọ ní tiẹ̀. Ọmọ tó bí, Vivian, wọlé síwèé, ó tiẹ̀ wà lára àwọn tí iléèwé yìn fún iṣẹ́ rere kó tó kú lọ́mọ ọdún mẹ́jọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun ń dáàbò bo ẹnì kan láì bi ẹni náà.

Ṣé ohun tí à ń wí ni pé kí a fi gbogbo wọn sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣe ohun tó wù wọ́n? Rárá. Ìbéèrè gidi wà níbẹ̀. Àwọn kan wà tí ìpèníjà wọn le débi pé wọn ò lè mọ ohun tí ìbálòpọ̀ jẹ́. Fún àwọn wọ̀nyẹn, kò sí ohun tó ń jẹ́ "ó gbà", ẹni tó bá fọwọ́ kàn wọ́n ti ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni ààlà wà? Àwọn adájọ́ England ti ń bá ìbéèrè yìí jà. Ní 2011, ọ̀rọ̀ ọkùnrin ọlọ́dún 41 kan dé iwájú wọn. Adájọ́ ní kò tíì lóye tó láti fọwọ́ sí ìbálòpọ̀. Ṣùgbọ́n kò fi mọ síbẹ̀, ó pàṣẹ kí wọ́n kọ́ ọkùnrin náà lẹ́kọ̀ọ́ nípa ìbálòpọ̀, bóyá òye rẹ̀ máa tó o. Ní 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ tún ní ẹni tó bá fẹ́ ní ìbálòpọ̀ gbọ́dọ̀ lóye pé ẹnì kejì náà gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ. Èyí wúlò fún wa gan-an. Ọmọkùnrin tó ní ìpèníjà òye kò ní àṣẹ láti fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ torí pé "kò mọ̀ ọ́n ṣe". Ẹ kọ́ ọ kó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀tọ́ àti ojúṣe jọ ń rìn ni.

Torí náà, kì í ṣe "ṣé orí rẹ̀ pé?" ló yẹ ká máa béèrè. Ṣé ó mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe? Ṣé ó mọ̀ pé òun lè kọ̀, kí ohunkóhun má sì ṣe òun? Ṣé ó mọ̀ pé oyún tàbí àrùn lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Ṣé ó mọ̀ pé ẹnì kejì náà gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ? Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó rọrùn bi í, ẹ fi àwòrán hàn án, ẹ tún un bi í lọ́jọ́ mìíràn. Kí ẹ tún wo ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́: ṣé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, àbí ẹni tó ń fún un lóúnjẹ ni, tíṣà rẹ̀, lánlọ́ọ̀dù, wòlíì, ááfà? "Bẹ́ẹ̀ ni" tí èèyàn sọ fún ẹni tó di oúnjẹ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà ńkọ́? Ilé kan á fa ọmọbìnrin wọn lé bàbá arúgbó lọ́wọ́ "kó lè rẹ́ni tọ́jú ẹ̀". Ilé mìíràn á fẹ́ ìyàwó fún ọmọkùnrin wọn, wọn ò ní sọ ohunkóhun fún ìyàwó títí yóò fi wọlé, wọ́n gbà pé obìnrin ló máa wò ó sàn. Kì í ṣe àìsàn, obìnrin kì í sì í ṣe oògùn. Ẹ̀tàn ni sí àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ àṣà wa mọ̀ pé ó yẹ ká gbọ́ lẹ́nu ìyàwó. Kí ni alága ń ṣe lójú agbo? Á ní kí ìyàwó wo gbogbo ẹrù tí wọ́n gbé wá, kó mú èyí tó wù ú jù, ojú gbogbo èèyàn á wà lára ọwọ́ rẹ̀. Òun ló ń mú un, kì í ṣe ìyá rẹ̀. Kí ló dé tí ọwọ́ àwọn kan ò fi gbọ́dọ̀ nà?

Àwọn tó kù á ní, "Ta ló máa tọ́jú ọmọ tí wọ́n bá bí?" Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Àwa ọmọ Yemẹtu, ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ là ń gbé, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ti kọ́ṣẹ́ kí UCH tó ṣí ní 1957. Ìran mélòó ni wọ́n ti gbẹ̀bí wọn níbẹ̀! Mélòó nínú wa ló jẹ́ pé ìyá wa nìkan ló tọ́ wa? Ìyá àgbà ló wẹ̀ wá, àǹtí ló gbé wa lọ síléèwé, ará ilé kejì ló bu oúnjẹ fún wa. Gbogbo agbo ilé la fi ń tọ́mọ. Àkàndá ẹ̀dá nìkan ló kù tí a ní kó dá tiẹ̀ tọ́ kó tó lè bí i.

Nàìjíríà ti fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Àdéhùn Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2006, a tẹ́wọ́ gbà á ní 2010. Abala 23 rẹ̀ ní ẹnikẹ́ni nínú wọn tó bá ti dàgbà tó ìgbéyàwó lẹ́tọ̀ọ́ láti fẹ́ ẹni tó wù ú, tí ẹnì kejì bá gbà, àti láti pinnu iye ọmọ tó fẹ́. Ní oṣù kìíní 2019, Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó ní kí a má yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìwé ti wà. Èyí tó kù wà nínú ilé wa.

Ohun tí à ń béèrè fún rèé. Kí àwọn aṣòfin yọ àwọn ọ̀rọ̀ èébú inú abala 221 kúrò, kí wọ́n pa oṣù méjì yẹn rẹ́, kí ìyà rẹ̀ sì bá ti ìfipábánilò dọ́gba. Kí ọlọ́pàá yéé sọ pé ẹni báyìí kò lè jẹ́rìí: abala 175 nínú Evidence Act 2011 ní gbogbo èèyàn ló lè jẹ́rìí, àfi ẹni tí kóòtù bá rí i pé kò lè lóye ìbéèrè tàbí dáhùn rẹ̀. Kóòtù ló máa sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọlọ́pàá ìdí káńtà. Kí nọ́ọ̀sì àti dókítà kọ́kọ́ bá ẹni tó ni ara sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ìyá dúró síta fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí àwọn iléèwé kọ́ wọn lórúkọ ẹ̀yà ara wọn, kí wọ́n kọ́ wọn láti sọ "Rárá" sókè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà lórí ẹ̀rọ, tiyín kò le. Ẹ má fi fídíò wọn ránṣẹ́ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá sórí WhatsApp yín, ẹ sọ fún un pé kò dáa. Bí ẹ bá rí bàbá kan tó ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ yàrá, ẹ pariwo, ẹ má dúró de ìpàdé ẹbí. Bí àǹtí tàbí bùrọ̀dá yín tó ní ìpèníjà òye bá sì sọ fún yín pé òun fẹ́ràn ẹnì kan, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ bi í pé: irú èèyàn wo ni? Ṣé òun náà fẹ́ràn ẹ? Kẹ́ ẹ wá dákẹ́, kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó máa sọ.